Oyè Tí Ẹ̀rọ Kò Tíì Gbọ́

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ dúdú kan lówùúrọ̀ ní Ọgbà, tó dé ẹnu géètì Ibùdó Ìkọ́ṣẹ́ Ìrọ̀rùn, tó dúró, tó fẹ̀yìn rìn padà sójú títì, tó tún yà wọlé, tó tún fẹ̀yìn rìn, ẹ má rò pé ẹni tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà ni. Afeez tó ń ṣọ́ géètì ló gbàgbé oyè kan nínú oyè ọ̀gá ibùdó náà.

Òfin ni. Afeez gbọ́dọ̀ nàró gbọnrangandan, kí ó ké e síta pé, "Ẹ káàbọ̀ o, Olóyè Dókítà Alàgbà Ọmọ Ọba Akínfẹ́nwá!" kí ó tó ṣí géètì. Bí ó bá fo Alàgbà, ọkọ̀ á padà. Bí ó bá fi Dókítà ṣáájú Olóyè, ọkọ̀ á padà. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ikọ́ sì ń bá Afeez jà, ọkọ̀ náà padà títí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì fi yọ orí síta láti ojú fèrèsé, tí wọ́n ń bá Afeez ké oyè náà, kí ọ̀nà lè là.

Ẹ jẹ́ kí a tú oyè wọ̀nyí palẹ̀. Olóyè: ìlú kan tí ọkùnrin yìí kò sùn sí rí ló fi jẹ ẹ́. Dókítà: yunifásítì kan tí kò ní ilé, tí kò sì ní akẹ́kọ̀ọ́, ló fi ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Alàgbà: ìyẹn tọ́, nítorí jẹnẹrétọ̀ tó gbé fún ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Ọmọ Ọba? Kò sí ẹni tó fi jẹ. Akínfẹ́nwá kàn jí lọ́jọ́ kan, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì rí i pé ọmọ ọba ni òun. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún ayé pé bàbá òun jọba ní Èkìtì, pé olorì ni ìyá òun, àti pé olorì náà ti wàjà.

Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá rẹ̀ kò jọba rí. Ẹní ló ń hun, ó sì hun ún títí ó fi kú. Ìyá rẹ̀ sì wà láàyè ní yàrá kan ní Dopemu, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ dá ṣáká. Ní ìparí oṣù, ọ̀gá máa ń rán dírẹ́bà lọ gbé ìrẹsì fún un. Àṣẹ tó pa fún dírẹ́bà ni pé kí ó sọ pé ọ̀rẹ́ ọmọ wọn ló ní kí òun gbé e wá. Ẹni tó fi ẹnu pa ìyá rẹ̀, tó ń fi ìrẹsì bọ́ ọ lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ bá mi wá orúkọ fún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀.

Kí ló ń wá kiri tí gbogbo èyí kò tíì tó o? Ipò ni. Gbogbo ibùdó ìkọ́ṣẹ́ láti Ìkẹjà dé Agége ń fẹ́ Alábòójútó Àgbà kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ kan tó láṣẹ lórí gbogbo ibùdó náà ni yóò yan ẹni náà, ìgbìmọ̀ yìí sì ń bọ̀ wá bẹ Ibùdó Ìrọ̀rùn wò. Akínfẹ́nwá ti ń jókòó sórí àga náà lójú oorun. Ó ti ń bá àwọn tó jókòó sábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ wí pàápàá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá ní òun yóò bẹ kíláàsì kọ̀ǹpútà wò. Láolú, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa rìn lẹ́yìn ọ̀gá kí ó sì máa gbà pẹ̀lú rẹ̀, sáré ṣáájú lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Nusrat ni olùkọ́ tó wà níbẹ̀. Èdè Yorùbá ló kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé kí ó tó kọ́ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà kí ó lè ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ bisikíìtì àti ti ike, tí wọ́n kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Àga kò tó, nítorí náà ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá kò bọ́ tirẹ̀. Ó gba orí ẹní kọjá, kọ́, kọ́, kọ́, títí ó fi dé iwájú.

"Kí ni mo ń gbọ́ láti ìta?" ó bèèrè. "'Ẹ káàárọ̀', 'ẹ káàsán'. Ṣé kíláàsì kọ̀ǹpútà nìyí àbí ilé àna?"

"Kóòdù là ń kọ, sà," Nusrat dáhùn. "Kọ̀ǹpútà kò ní làákàyè, ohun tí a bá sọ fún un nìkan ló mọ̀. Mo wá ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí àwọn fúnra wọn mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, tí ẹni tí à ń kí bá dàgbà jù wá, 'Ẹ káàárọ̀' ni. Bí kò bá dàgbà jù wá, 'Káàárọ̀'. Bí oòrùn bá ti gòkè, ó tún yàtọ̀. Ẹ ò rí i, sà, ọmọ Yorùbá tó mọ èèyàn kí ti ń ro bí a ṣe ń kọ kóòdù láti kékeré."

Ọ̀gá na ìka sókè. Nígbàkúùgbà tí ìka yẹn bá ti gòkè, ọ̀rọ̀ gígùn ló ń bọ̀.

"Ẹ fetí sílẹ̀! Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ ni àṣà! Ẹ̀rọ ń lọ síwájú, àṣà ń wo ẹ̀yìn. Bí ẹ bá so àwọn méjèèjì pọ̀, ojú kan ni ẹ óò dúró sí! Èmi tí ẹ ń wò yìí, ẹ̀rọ mọ̀ mí! Bí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ á gbóná!"

"Ó ń gbóná, sà!" Láolú ké. "Mo fọwọ́ kàn án lánàá!"

"Nítorí náà, mo fi òfin de ìkíni, ìtàn, àlọ́ àti ewì nínú kíláàsì yìí. Kóòdù ni kí ẹ kọ́ wọn. Kóòdù gbígbẹ!"

Ó ti yí padà láti lọ nígbà tí Tìjání, ọkùnrin gíga kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ bisikíìtì, kùn sí ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Háà, oríkì tí a ti ń bá bọ̀ yẹn ti bá a lọ nìyẹn."

Bàtà ọ̀gá dúró gbọ́n-ún lórí ẹní. "Kí lo pè é?"

"Oríkì, sà. A ti gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ láti adúgbò sí adúgbò. Téèyàn bá kọ orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà á bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀, ìlú bàbá rẹ̀ àti èèwọ̀ ilé wọn. Tó bá dáhùn tán, á wá máa kì í."

"Á máa kì í... kó máa kì í lọ?"

"Á máa kì í lọ, sà. Kì í rẹ̀ ẹ́."

Ẹ ò bá rí ojú ọkùnrin yìí! Ó tàn bí àtùpà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu epo sí. Ó bojú wo Láolú, tó máa ń dákẹ́ bí ebi bá ń pa á. Ó tún bojú wo kọ̀ǹpútà, tí kì í jẹun.

"Ẹ ṣé tí ẹ fi gbọ́ràn," ni ohun tó wí. "Kí gbogbo ayé mọ̀ pé èmi ni mo ronú rẹ̀ pé kí a máa fi àṣà kọ́ kóòdù. Àwọn tó ń ta ko èrò mi yìí, mo mọ̀ wọ́n!"

"Ẹ mọ̀ wọ́n, sà!" Láolú dáhùn, ó sì bojú wo ilẹ̀ kíláàsì bóyá yóò rí ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ránṣẹ́ pe Nusrat sí ọ́fíìsì.

"Ní ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ bá dé," ó wí, "lójú gbogbo wọn, mo fẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn kì mí ní ọmọ ọba, kí ó má fọhùn pẹ̀lẹ́."

"Kò burú, sà. Yóò kọ́kọ́ bi yín ní ìlú yín àti èèwọ̀ yín, bó ṣe ń bi gbogbo èèyàn."

"Kí ó bi mí? Ẹ̀rọ tí mo fọwọ́ ara mi bọ́ rìbọ́n lára rẹ̀? Mi ò dáhùn ìbéèrè ẹ̀rọ."

Nusrat ronú díẹ̀. "A lè kọ ìlà kan sí i nígbà náà, sà. Bí orúkọ tí wọ́n tẹ̀ bá jẹ́ Akínfẹ́nwá, kí ó fo ìbéèrè, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì yín."

Ọ̀gá dìde fùú. "Akínfẹ́nwá! Akínfẹ́nwá gbalasa! Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni mí? Ṣé a jọ ta ayò ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Orúkọ nìkan ló rọrùn fún ẹ̀rọ. Bí a bá kọ oyè pọ̀ mọ́ ọn, bó ṣe wà nínú kóòdù gẹ́lẹ́ ni ẹ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fi oyè kan lé tàbí tó fi oyè kan dín, ẹ̀rọ ò ní mọ̀ yín, yóò sì máa bi yín léèrè bíi gbogbo ayé."

"Kó má mọ̀ mí!" ọ̀gá bú ramúramù. "Ẹnikẹ́ni tí kò bá pe oyè mi pé, kò yẹ kó mọ̀ mí! Gbogbo rẹ̀ ni kí o kọ!"

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn pamọ́ síbì kan, ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Nusrat kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: Olóyè Dókítà Alàgbà Ọmọ Ọba Akínfẹ́nwá. Bó ti ń jáde lọ, ọ̀gá bi í ní ibi tí wọ́n ti gba ohùn àwọn àgbàlagbà.

"Ní Ọgbà, ní Àgídìngbì, ní Dopemu, sà. Ti Dopemu ló dùn jù. Màmá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé—"

"Dopemu?" Ọ̀gá sáré dínà fún un. "Kí lẹ lọ ṣe ní Dopemu? Kò sí àṣà ní Dopemu! Bọ́ọ̀sì ló wà ní Dopemu! Mo fi òfin dè é, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ mọ́."

"A ò ní débẹ̀ mọ́, sà. A ti gbà á tán."

Bó ti gbọ́ "a ò ní débẹ̀ mọ́", ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò dúró gbọ́ gbólóhùn kejì. Ẹni tí ìyìn ti mọ́ lára kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ délẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwọn ń bọ̀. Ẹ wá wo bí orí ṣe ń ti olórí: ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀, ẹgbẹ́ kan ní Àgídìngbì fi ọ̀gá jẹ Ọ̀pómúléró Ìmọ̀ Ẹ̀rọ. Wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ dúdú yẹn padà lójú títì títí Afeez fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí oyè tuntun náà kò bá eyín rẹ̀ mu. Ọ̀gá pàṣẹ fún dírẹ́bà, fún akọ̀wé, fún àwọn tó ń gbálẹ̀, pé kí wọ́n máa fi Ọ̀pómúléró ṣáájú. Gbogbo ẹni tó ní ẹnu ló pàṣẹ fún. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹnu, kò rántí rẹ̀. Láolú ló yẹ kó ránṣẹ́ sí Nusrat, ṣùgbọ́n Láolú ń yin ọ̀gá lọ́wọ́, kò ráyè iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé. Gbọ̀ngàn kún. Nusrat ti pe àwọn àgbàlagbà tó fún wọn ní ohùn, kí ibùdó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní àga le jù fún eegun àwọn, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ́ ẹní fún wọn níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí kọ̀ǹpútà wà. Ọ̀gá kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ wà lókè kì í rí ẹni tó jókòó sórí ẹní.

Alága ìgbìmọ̀ ni Ìyáàfin Olúwafúnkẹ́mi, obìnrin kúkurú kan tó wọ aṣọ àdìrẹ, tí kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bèèrè oyè tí wọn yóò fi pè é, ó ní, "Olúwafúnkẹ́mi náà ti gùn tó." Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ọ̀gá, ó rò pé obìnrin náà ń ṣàìsàn.

Ọ̀gá wá gun orí pèpéle. "Ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì! Lónìí, ilẹ̀ Agége àti Ìkẹjà yóò jẹ́rìí! Nígbà tí mo wà nínú oyún, olorì ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, lá àlá pé iná mànàmáná ń tàn nínú ikùn òun!"

"Mo rí iná náà, sà!" Láolú ké.

"Ohun tí ẹ óò rí yìí, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Àṣà wọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ wọ inú àṣà, èmi ni mo wà láàárín! Ẹ̀rọ yìí kò mọ ojúsàájú. Òtítọ́ ni yóò sọ nípa mi. Láolú, tẹ orúkọ mi!"

Láolú jókòó. Ó na ìka méjì bí adìyẹ tó fẹ́ ṣa àgbàdo. Ó tẹ̀ ẹ́ pé: Ọ̀pómúléró Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Olóyè Dókítà Alàgbà Ọmọ Ọba Akínfẹ́nwá. Ó gùn débi pé àwọn kan ti ń yán kí ó tó tán.

Nusrat rí oyè tuntun náà lójú kọ̀ǹpútà, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Láti inú gbohùngbohùn, ohùn ìyá àgbà kan jáde, ó dá ṣáká:

"O káàbọ̀ o. Mi ò mọ̀ ọ́ rí. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

Ẹ̀rín sá lọ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ọ̀gá gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀. "Ìṣáájú orin ni! Láolú, dá a lóhùn!"

Láolú mọ ọjọ́ orí ọ̀gá. Ti ọ́fíìsì ni, ìyẹn èyí tí ọ̀gá ti ń wà nínú rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí kì í kúrò, kí ìfẹ̀yìntì má baà bá a. Ó tẹ̀ ẹ́: mọ́kàndínláàádọ́ta.

"Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà," ohùn náà wí, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ pé kí ó máa dá gbogbo ẹni tí kò bá tó màmá lọ́jọ́ orí lóhùn. "Ọmọ mi, ọmọ ìlú ibo ni bàbá rẹ?"

Gbọ̀ngàn hó. Àwọn òṣìṣẹ́ bisikíìtì ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ọ̀gá. Kò gbọ́ ẹ̀rín náà mọ́. Ohùn yẹn! Ohùn tó ń jí i láàárọ̀ kí ó tó di Olóyè, kí ó tó di ohunkóhun!

"Ẹ pa á!" ó kígbe. "Láolú, pa á!"

Ìbẹ̀rù mú Láolú, ó ń tẹ ohun gbogbo tí ìka rẹ̀ bà. Ẹ̀rọ rò pé ó ti dáhùn ti ìlú, ó bọ́ sórí èyí tó kàn.

"Ọmọ mi, kí ni èèwọ̀ ilé yín? Mi ò gbọ́ o. Kí ni èèwọ̀ ilé yín?"

Ọ̀gá bẹ́ láti orí pèpéle. Ọ̀nà tó yá jù sídìí tábìlì gba orí ẹní. Kọ́, kọ́, kọ́!

"Yéè!" Ohùn kan náà ké, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti inú gbohùngbohùn lọ́tẹ̀ yìí. "Ta ló ń fi bàtà tẹ ẹní yìí? Ta ni aláìnílé tó ń fi bàtà tẹ ẹní?"

"Ẹ yẹra lọ́nà, Màmá!" ọ̀gá jágbe.

Ìyá arúgbó náà di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú. Ó gbé orí sókè, ó yí etí sí i. "Àlàmú?"

Láolú pàápàá kò mọ ohun tó yẹ kí òun gbà.

Ìyáàfin Olúwafúnkẹ́mi dìde. "Olóyè, ṣé ẹ mọ Màmá yìí ni?"

Ìgbà kan nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, tí ọ̀rọ̀ kékeré kan ì bá ti gba ọkùnrin yìí. "Ìyá mi ni" kò gba ẹ̀mí gígùn. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wo alága. Ó rí àga Alábòójútó Àgbà láàárín àwọn méjèèjì.

"Mi ò mọ̀ wọ́n rí," ó wí.

Ìyá náà jọ̀wọ́ ṣòkòtò rẹ̀. "Kò burú. Bí òun ò bá mọ̀ mí, èmi mọ̀ ọ́n." Ó jókòó tó tó, ó sì bẹ̀rẹ̀:

"Àlàmú, ọmọ ahunní-má-sùn,
ọmọ ẹlẹ́ní tí í tẹ́ ẹ kí ọba tó jókòó.
Ọba ní adé, adé kì í gba ìdí lọ́wọ́ òtútù,
ẹní baba rẹ ló gba ìdí ọba sílẹ̀.
Àlejò kì í wá ilé yín kó wà lórí ìnàró.
Ohun tẹ́ ẹ fọwọ́ hun, ẹ kì í fi bàtà tẹ̀ ẹ́.
Àlàmú, bọ́ bàtà rẹ."

Wọ́n ti ń fi owó ra ìyìn fún ọkùnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí èyí tó wọ̀ ọ́ lára rí. Èyí wọ̀ ọ́. Ìrùkẹ̀rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi."

"Ìyá ta ni? Ìyá rẹ kì í ṣe òkú ni? Mo gbọ́ ọ níbi tó o ti ń sọ ọ́. Mo ń ṣe àmín fún ìyá olóyè, mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń sin!" Ó fi ọ̀pá kàn án lórí. "Ẹ tún gbọ́ ọjọ́ orí tí wọ́n pè fún un? Fọláyọ̀ àbúrò rẹ̀ ti ju ìyẹn lọ! Ṣé àbúrò ló ń ṣáájú ẹ̀gbọ́n jáde ni?"

Ẹ̀rín bú padà, ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alága nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá," ó wí, "kì í ṣe pé ẹ kì í ṣe ọmọ ọba ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹni tó lè sẹ́ ìyá tó bí i níṣojú rẹ̀ nítorí àga, bí a bá fi ọmọ ọlọ́mọ lé e lọ́wọ́, yóò sẹ́ wọn nítorí àpótí. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lé akọ̀wé lọ́wọ́." Ó yíjú sí Nusrat. "Ẹ̀rọ yín dára. Mo fẹ́ kí a máa kọ́ kóòdù báyìí ní gbogbo ibùdó."

Ẹlòmíràn ló wà ní ọ́fíìsì yẹn báyìí. Lọ́jọ́ tó wọlé, Láolú sáré pàdé rẹ̀, ó pè é ní Olóyè. Ẹni náà ní kí ó lọ bọ́ bàtà kí ó lọ jókòó ní kíláàsì Nusrat. Ibẹ̀ ló wà. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń kí èèyàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kẹ̀kẹ́ kan máa ń ti Dopemu wá sí ẹnu géètì. Màmá ló wà nínú rẹ̀, ó ń bọ̀ wá fi oríkì kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì. Ọkùnrin kan tó wọ sálúbàtà máa ń jókòó tì í, ẹní tí wọ́n ká ń bẹ lórí itan rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dé, Afeez yọjú, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n òfin ni òfin.

"Ta ni kí n sọ pé ó dé?"

Ọkùnrin náà fa èémí sínú. "Oló..."

Màmá wúkọ́.

"Akínfẹ́nwá," ó wí.

"Akínfẹ́nwá kí ni?"

"Akínfẹ́nwá, ọmọ ẹlẹ́ní."

Afeez ṣí géètì gbayawu. Kẹ̀kẹ́ náà wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò padà sẹ́yìn.